Kí Iná Tó Ràn: Ìtun Nínú Ìkòkò Àlejò ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Oúnjẹ kì í wọ́n lọ́jà Òkìtìpupa. Púpurú wà níbẹ̀ ní róbótó-róbótó, èéfín ti mú un lára. Ẹja odò ń bẹ, ewé márúgbó náà ń bẹ fún ẹni tó mọ ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi í sè. Àlejò tó wá láti Ìbàdàn tàbí Ẹnugu lè máa wo gbogbo rẹ̀ lọ láìdúró, títí yóò fi kan abọ́ tí wọ́n kó ìtun sí. Ìtun ni ọmọ kòkòrò tó ń gbé inú ìtì ògùrọ̀ àti ìtì ọ̀pẹ. Ó sanra, ara rẹ̀ funfun tó fẹ́ pọ́n, orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú ó sì le, kò ní ẹsẹ̀ rárá, èyí tó bá sì ti gbó dáadáa lè tó àtàǹpàkò àgbàlagbà. Láàyè ni wọ́n ń tà á, nítorí náà gbogbo inú abọ́ náà ló ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ tí wọ́n ti ń sun ún fún láti kékeré kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìlú ti gba àlejò: akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olusegun Agagu, àgùnbánirọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, àti àwọn tó fẹ́ ọkọ tàbí aya níbẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan nínú wọn á rà á, tàbí kí àna rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ á sì di ti ilé ìdáná.

Ìmọ̀ràn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kì í ju ti orí iná lọ. Wọ́n á ní kó ta ata sí i dáadáa, kó dín in kó gbẹ, kó dijú, kó sì gbé e mì. Èrò tó wà nídìí ìmọ̀ràn náà ni pé ohun tó ṣòro nínú ẹran àjèjì kò ju pé ojú kọ̀ ọ́ lọ, àti pé iná á yanjú èyí tó bá kù. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú síse ẹran tí èèyàn kò sè rí gbọ́dọ̀ ti parí kí iná tó ràn, nítorí nínú àwọn ohun tó lè ba oúnjẹ náà jẹ́, tàbí tó lè ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ní jàǹbá, ọ̀pọ̀ ló wà tí iná kò lágbára lórí wọn. Ìtun ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò mú un nítorí pé ó burú. Oúnjẹ gidi ni, ó dùn, ó sì ń ṣara lóore. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ kí àlejò máa sè é bí ẹni tó ń jẹ ìjẹ ìfigagbága.

Inú irà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ògùrọ̀ pọ̀ létí odò Olúwa àti nínú àwọn àbàtà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ títí lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Igi yìí kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀. Bó bá ti yọ òdòdó, tó sì so, ikú ló kàn. Ìgbà tó bá ń múra àtiyọ òdòdó náà ni adẹ́mu máa ń gùn ún, tí yóò gbẹ́ ọ̀mùnú orí rẹ̀, tí yóò sì máa gba omi tó ń sun níbẹ̀. Omi yẹn ni ẹmu ògùrọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń sè di ògógóró tí a mọ agbègbè yìí mọ́. Nígbà tí omi bá dá, igi ti kú lórí ìdúró. Òórùn kíkan tó ń jáde lójú ọgbẹ́ rẹ̀ á wá máa pe kòkòrò dúdú kan tó ní imú gígùn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rhynchophorus phoenicis. Abo rẹ̀ á fi imú dá ihò sára igi, á sì yé ẹyin síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹyin á pa, ọmọ á máa jẹ inú ìtì náà lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà á fi fọ́nrán igi hun ilé bo ara rẹ̀, kó tó di kòkòrò dúdú bíi ti ìyá rẹ̀. Kó tó hun ilé náà ni ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń padà lọ. Kì í kàn ṣàdédé sọ àáké sí igi. Á kọ́kọ́ gbé etí lé ìtì náà, á dákẹ́, á sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ igi nínú lọ́hùn-ún. Bí ìró náà kò bá tíì le tó, á fi í sílẹ̀, á tún padà wá nígbà mìíràn.

Mo fa ọ̀rọ̀ irà gùn nítorí pé ohun tí ìtun jẹ ló ń di ara rẹ̀. Èyí tó ti inú ògùrọ̀ etí odò wá, igi tí ẹnikẹ́ni kò fín oògùn sí rí, kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó ti inú oko ọ̀pẹ ńlá wá. Ọ̀tá ni kòkòrò yìí jẹ́ fún olóko ọ̀pẹ, torí ó lè wọnú igi tó ṣì ń so, kó sì jẹ ẹ́ títí yóò fi kú. Ìlú ọ̀pẹ sì ni Òkìtìpupa. Ta ni kò mọ iléeṣẹ́ epo tó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó? Olóko tó bá fẹ́ gba igi rẹ̀ sílẹ̀ lè lo oògùn apakòkòrò. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan wà tó máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀rá, sísè kò sì ní kó o kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, "Èló ni?" kọ́ ló yẹ kí àlejò kọ́kọ́ bi ìyá tó ń tà á. "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Inú igi wo ni wọ́n ti kó o?" ló yẹ kó ṣáájú. Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ra ẹja náà ń bèèrè bóyá ti odò ni tàbí ti inú fíríìjì, inú kò sì bí ẹlẹ́ja.

Ìbéèrè kejì kò nílò ẹnu, ojú ni wọ́n fi ń bi í. Ṣé ó ń mira? Ara ìtun tó wà láàyè máa ń le dáadáa. Bí ọwọ́ bá kàn án, á ká, á tún nà. Èyí tó ti kú á rọ̀, awọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ẹran tó kún fún omi àti ọ̀rá, tí èérún igi tó jẹ gbẹ̀yìn ṣì wà nínú ìfun rẹ̀, kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru tiwa yìí. Ibí ni àwọn kan ti máa ń dáhùn pé kí ló kàn wá pẹ̀lú ìyẹn, ṣebí iná ni yóò pa ohun gbogbo tó bá wà nínú rẹ̀. Ààbọ̀ òótọ́ ni. Iná ń pa bakitéríà, ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo ba ohun tí bakitéríà ti ṣe sílẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus, tó máa ń wà lọ́wọ́ àti nínú imú àwa èèyàn, lè tu májèlé sínú oúnjẹ tó bá pẹ́ nínú ooru, májèlé náà sì lè la omi híhó já. Bacillus cereus ní tirẹ̀ ní ọ̀nà tó fi ń ká ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle, tí yóò sùn síbẹ̀ títí wọn yóò fi sè é tán, tí yóò sì jí padà bí wọ́n bá gbé oúnjẹ náà sílẹ̀ lásán láti ọ̀sán di alẹ́. Ẹni tó ra òkú ìtun ní ọ̀pọ̀, tó wá dín in gbẹ kankan, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Dídà nù ni ti òkú ìtun, iyekíye tí wọn ì báà rà á.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń sọ pé: "Àwọn baba wa jẹ ẹ́, àwọn ìyá wa jẹ ẹ́, kí ló ṣe wọ́n?" Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Oúnjẹ tí ìlú kan ti ń jẹ láti ìran dé ìran ti la ìdánwò gígùn kọjá, ìtun sì ti yege nínú rẹ̀. Àmọ́ àìsàn tó bá yára tẹ̀ lé oúnjẹ ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń rí mú. Èyí tó ń yọ́ wá, tó ń bá ìgbà òjò dé, tó sì ń mú ẹnìkan nínú ilé tó ń fi àwọn yòókù sílẹ̀, lè wà láàárín àwọn èèyàn fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa àìsàn kan ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ́ dáadáa. Nígbà òjò, ẹni tó ń rìn geere lánàá á ṣàdédé máa gbọ̀n, kò ní lè dúró dáadáa, ojú rẹ̀ á máa yí, nígbà mìíràn iyè rẹ̀ á sì ra. Lọ́dún 1993, Bola Adamolekun, dókítà onímọ̀ ọpọlọ tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé àìsàn náà so mọ́ jíjẹ kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Anaphe venata. Kòkòrò tó ń jẹ ewé arère ni, ìdílé rẹ̀ ni a sì ti ń rí òwú sányán. Ẹ ò rí nǹkan: inú ilé kan náà ni aṣọ iyì àti àìsàn ti jáde.

Ohun tí wọ́n rí nínú kòkòrò náà ni èròjà kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹja àti ẹran dáadáa lè jẹ ẹ́ kó má mọ nǹkan kan lára. Ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ló ń fi gbogbo ọjọ́ jẹ, tí fítámì B1 ara rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá sọ kòkòrò yìí di ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ lásìkò tó pọ̀, òun ló ń kó sínú wàhálà. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní fítámì B1, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ìyẹn ló sì fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí ará Japan tún yẹ èròjà yìí wò, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde lọ́dún 2000: èròjà náà ń fara da ooru débi pé sísè fẹ́ẹ́rẹ́ kò lè sọ ọ́ di aláìlágbára. Gbogbo ìyàwó ilé tó sè é ló dáná sí i o. Iná kò kúkú ṣàìjó. Ohun tí wọn kò mọ̀ nípa ẹran náà ló kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: Anaphe ni wọ́n so àìsàn yẹn mọ́, wọn kò so ó mọ́ ìtun. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀dá méjì tó jọ ń gbé inú igbó kan náà, tí ọ̀rọ̀ wọn kò ju "kòkòrò jíjẹ" lọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, lè jìnnà síra wọn púpọ̀. Lọ́dún 2006, A. D. Banjo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú kòkòrò 14 tí wọ́n ń jẹ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Èyí tó lọ́ràá nínú wọn wà, èyí tó gbẹ wà, purotéènì wọn kò sì dọ́gba. Ìtun wà lára àwọn tí ọ̀rá wọn pọ̀ jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Cameroon tiẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá gbẹ omi ara rẹ̀ tán, ọ̀rá á ju ìdajì lọ nínú ohun tó kù.

Ọ̀rá yìí ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń sè é, ibẹ̀ sì ni àlejò ti sábà máa ń ṣìṣe. Á rántí bí wọ́n ṣe ń dín ẹja, á da òróró kún agbada, á kó ìtun tútù lódindi sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, tí òróró gbígbóná á ta sí i lápá. Ìtun kò fẹ́ òróró ẹlòmíràn. Kí ẹ fi èyí tó wà láàyè sílẹ̀ fún ọjọ́ kan nínú ike mímọ́ tó ní ihò afẹ́fẹ́, láìfún un ní nǹkan kan, kí ohun tó wà ní ìfun rẹ̀ lè dínkù. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Ẹ gé orí líle yẹn kúrò, tàbí kí ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún ara rẹ̀ díẹ̀, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Omi díẹ̀, iyọ̀ àti àlùbọ́sà ti tó nínú ìkòkò. Bí omi náà bá ṣe ń gbẹ ni ẹ ó máa rí i tí òróró rẹ̀ ń yọ sí ìsàlẹ̀, tó mọ́, tó fẹ́ pọ́n díẹ̀. Ìró híhó á dẹwọ́, ìró dídín á bẹ̀rẹ̀. Ẹ dín iná kù nígbà yẹn, kí ẹ máa yí i títí awọ rẹ̀ á fi pọ́n, tó sì ń ró kẹ́kẹ́ bí ṣíbí bá kàn án. Ìgbà yẹn ni ata tó kàn. Ẹni tó da ata àti màgí bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ adùn rẹ̀ láéláé, kò sì ní gbọ́ òórùn rẹ̀ bó bá ti bàjẹ́. Òróró tó kù ń bọ̀ wúlò fún ọbẹ̀. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ má sọ pé òun á jẹ abọ́ kan tán; ọ̀rá tó pọ̀ lójijì máa ń da inú rú, wọ́n á sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìtun.

Ohun kan tún wà tí iná kò lè tún ṣe. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í gba edé tàbí akàn: ara á yún wọn, ètè á wú, nígbà mìíràn mímí á di ìṣòro. Irú purotéènì tó ń fa èyí nínú edé wà lára kòkòrò pẹ̀lú, sísè kì í sì í bà á jẹ́ tán. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tí edé ti pọ̀ lọ́bẹ̀, onílé sábà máa ń mọ ara rẹ̀. Àlejò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ edé ní ìlú rẹ̀ lè má mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé edé ń bá òun jà, kó má tọ́ ìtun wò, kódà bí àna rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní wàhálà yìí ti pọ̀ jù fún kòkòrò lásán, nígbà tí ẹran màlúù wà lọ́jà. Àjọ FAO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní tirẹ̀ sọ lọ́dún 2013 pé ó tó bílíọ̀nù 2 èèyàn tó ń jẹ kòkòrò lágbàáyé, àti pé irú èyí tí wọ́n ń jẹ ju 1,900 lọ. Àwọn tó fẹ́ràn ìtun máa ń fi irú iye yìí dá àwọn tó ń sá fún un lẹ́bi. Kò wọ̀ mí lójú. Pé àwọn èèyàn púpọ̀ ń jẹ nǹkan kan kò sọ ọ́ di dandan fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì kọ ìtun kò bú Ìkálẹ̀. Ìdáhùn mi sí ẹni tó ní wàhálà ti pọ̀ jù ni pé wàhálà kan náà ló wà nídìí ẹran màlúù, ẹlòmíràn ló kàn ń bá wa ṣe é. Dókítà ẹranko ló yẹ kó wò ó níbi tí wọ́n ti ń pa á. Alápatà ló ń mọ èyí tó kú fúnra rẹ̀. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023, tí àìsàn anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà, ìjọba àpapọ̀ tètè kìlọ̀ fún wa pé ká ṣọ́ra fún pọ̀ǹmọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i lára ẹran ọ̀sìn ní oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Ẹran tí a mọ̀ dáadáa ni màlúù o, síbẹ̀ ibi tó ti wá àti bó ṣe kú ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Nínú ọ̀rọ̀ ìtun, kò sí dókítà kankan láàárín irà àti ìkòkò. Ẹni tó ń sè é ni dókítà.

Àríyànjiyàn kan ṣì kù, òun ló wúwo jù fún mi: bí àlejò bá ń ra ìtun, ṣé wọn ò ní máa gé ọ̀pẹ lulẹ̀ torí rẹ̀? Ti ògùrọ̀ tí wọ́n ti dá ẹmu rẹ̀ tán kò mú ìpalára dání, nítorí igi náà kò ní so mọ́. Ti ọ̀pẹ tó ṣì ń so yàtọ̀. Bí owó ìtun bá lọ sókè, ẹnìkan á gé ọ̀pẹ tó yẹ kó fún un ní epo fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, yóò sì tún máa sin kòkòrò tí yóò jẹ oko aládùúgbò rẹ̀. Sísìn ín nínú ohun tó ní ìdérí ló lè dín èyí kù. Lórílẹ̀-èdè Gánà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní akokono, iléeṣẹ́ Aspire Food Group, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì McGill dá sílẹ̀, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Hult fún okoòwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 2013, ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè máa sìn ín nílé. Ìtun tí èèyàn sìn fúnra rẹ̀, ó mọ ohun tó jẹ, ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì sí oògùn olóko lára rẹ̀.

Mo ké sí yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa lórí èyí. Kí wọ́n kó ìtun láti inú irà àti láti inú oko ọ̀pẹ tí wọ́n ń fín, kí wọ́n yẹ méjèèjì wò bóyá oògùn wà nínú wọn, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà lè kà tàbí kí wọ́n kà á sí i létí. Kí wọ́n gbìyànjú bí wọ́n ṣe ń sìn ín ní Gánà, kí wọ́n wò ó bóyá ó lè yege níbí. Iṣẹ́ náà kò nílò owó ńlá. Ìtì ògùrọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ ń jẹrà nínú irà lọ́dọọdún.